Ọ̀nà Yangí Láàrin Òkè Ìdáàṣà

Ẹni tó bá gba títì ọlọ́dà láti Kútọnu lọ sí Pàràkú ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ yóò rí àwọn òkè Ìdáàṣà, ṣùgbọ́n kò ní mọ̀ wọ́n. Ọkọ̀ kì í dúró. Kí èrò ẹ̀yìn tó nàka pé "ẹ wo ìyẹn," wọ́n ti dé Glazoué, àwọn oníṣu ti yí ọkọ̀ ká. Àwọn ọ̀nà pupa tó yà kúrò lára títì, tí wọ́n wọ àárín òkè lọ bá àwọn abúlé bíi Camaté àti Shakaloké ní apá Sokponta, àwọn ni wọ́n ń fi òkè han ènìyàn. Ẹ gun alùpùpù, tàbí kẹ́ ẹ fẹsẹ̀ rìn ín.

Yangí ni wọ́n fi ṣe àwọn ọ̀nà wọ̀nyí. Kòtò tí kò jìnnà ni wọ́n ti ń wà á, wọ́n á dà á sílẹ̀, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó di ọ̀nà. Irin tó ti dípẹtà nínú rẹ̀ ló sọ ọ́ di pupa. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, eruku rẹ̀ a bo igi kájú ẹ̀bá ọ̀nà dé orí, bí ẹni pé wọ́n fi osùn kùn ún. Nígbà òjò, láti oṣù kẹrin sí oṣù kẹwàá, ọ̀gbàrá a gé e yánayàna. Àwọn ọlọ́kadà ibẹ̀, tí wọ́n ń pè ní zémìjàn, kì í gun àárín rẹ̀. Etí ọ̀nà ni wọ́n ń gbà, nítorí àárín ti rí wàjàwàjà, ó sì ń gbọn eyín lẹ́nu.

Òkúta akọ ni àwọn òkè náà. Ẹ má rò pé ńṣe ni wọ́n hù jáde láti inú ilẹ̀. Ilẹ̀ ló lọ. Láti ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn ni òjò ti ń fọ ibi tó rọ̀ lára òkúta lọ díẹ̀díẹ̀, tí èyí tó le fi ṣẹ́kù sókè. Ìdí nìyẹn tí pẹ̀tẹ́lẹ̀ fi ń tẹ́ rẹrẹ, tí àpáta á sì kàn dìde gàgàrà láàrin oko iṣu. Oòrùn ń mú un gbóná, òjò ń tù ú, ara rẹ̀ a máa bó ní ìpele ìpele. Ìpẹ́ àpáta tó tó yàrá kan a yọ̀ sọ̀kalẹ̀, a jókòó sẹ́bàá ọ̀nà. Wọ́n ní òkè mọ́kànlélógójì ló yí ìlú Ìdáàṣà ká. Kí ẹnikẹ́ni má mú ìwé lọ máa kà á o. Ohun tí ọ̀kànlénírinwó jẹ́ lọ́dọ̀ tiwa tí a bá ń ka irúnmọlẹ̀ ni mọ́kànlélógójì jẹ́ lágbègbè yẹn: iye tó kún ni.

Koríko kan wà lórí àpáta náà tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò. Ewé rẹ̀ rí tẹ́ẹ́rẹ́, ìdí rẹ̀ dúdú, ó kún fún fọ́nrán, ó sì di àpáta mú gírígírí. Ẹ fà á, kò ní fà. Àwọn onímọ̀ ewéko ń pè é ní Afrotrilepis pilosa. Ní oṣù kejì, ewé rẹ̀ a gbẹ ganrínganrín, ẹ óò búra pé ó ti kú. Òjò àkọ́rọ̀ á rọ̀, láàrin ọjọ́ díẹ̀ ewé kan náà, kì í ṣe tuntun, á tún tutù yọ̀yọ̀. Ìdí rẹ̀ ló ń dá erùpẹ̀ dúró, inú erùpẹ̀ yẹn ni irúgbìn mìíràn ti ń rí ibi hù sí. Ó wà lórí Òkè Ìdànrè náà.

Díẹ̀ ni igbó tó kù lágbègbè yìí tí kì í ṣe pé òkè ló gbà á sílẹ̀. Ní pẹ̀tẹ́lẹ̀, kájú, iṣu, ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo ti gba ilẹ̀. Igi tí àgbẹ̀ dá sí kò ju ẹ̀mí nítorí òrí, àti igi tó ń so irú. Àwọn yòókù sá sáàárín òkúta, níbi tí ọkọ́ ò ti lè débẹ̀: àyìn tí a ń gé orin lára rẹ̀, àti ìrókò níbi tí omi ti ń dà wá láti òkè. Àpáta kì í mu omi. Gbogbo òjò tó bá rọ̀ sí i lórí, ìdí rẹ̀ ló ń dà á sí, igi ìdí òkè sì ń tipa bẹ́ẹ̀ ga ju ti ọ̀dàn lọ. Ibi tí ẹ bá ti rí oṣè ńlá lórí òkè, ẹ wo ilẹ̀ dáadáa, àfàìmọ̀ kí ènìyàn má ti gbé ibẹ̀ rí.

Ogun ló gbé wọn lọ síbẹ̀. Àwọn ọmọ Jagun, ìdílé ọba Ìdáàṣà, sọ pé ilẹ̀ Ẹ̀gbá ni baba àwọn ti wá. Ohun tí Olúmọ ṣe fún Ẹ̀gbá nígbà tí Dàhómì gbógun lọ sí Abẹ́òkúta ní 1851 àti 1864, òun ni àwọn òkè yìí ti ń ṣe fún Ìdáàṣà àti àwọn Màhí aládùúgbò wọn tipẹ́ ṣáájú. Kì í ṣe pé ogun ò kó wọn. Ó kó wọn. Àmọ́ odi ṣeé wó, ta ni yóò wó àpáta? Lẹ́yìn tí Faransé ṣẹ́gun Béhanzin, ọba Dàhómì, tó jọ̀wọ́ ara rẹ̀ ní 1894, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn tó sọ̀kalẹ̀ wá dáko ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ láìfòyà.

Àwọn ará Àgbómẹ̀, olú-ìlú Dàhómì, kó ẹrú níbẹ̀, wọ́n sì kó òrìṣà. Ìtàn tiwọn fúnra wọn sọ pé láti ilẹ̀ Ìdáàṣà ni Sakpata ti wá, ẹni tí àwa ń pè ní Ṣànpọ̀nná. Òun ló ni ilẹ̀, òun ló ni oòrùn ọ̀sán. Ẹni tí ìyá àgbà tọ́ mọ̀ pé a kì í wọ aṣọ pupa rìn ní ọ̀sán gangan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ wá wo ọ̀nà tó pupa láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin!

Òrìṣà a máa ṣọ́ igbó pẹ̀lú. Ìwádìí kan ní 1998 ka igbó òrìṣà 2,940 jákèjádò Bẹ̀nẹ̀. Gbogbo wọn lápapọ̀ jẹ́ 18,360 hẹ́kítà, ìyẹn ni pé igbó kéékèèké ni wọ́n. Ní 2012 ni ìjọba gbé àṣẹ jáde lórí bí a ó ṣe máa tọ́jú wọn. Ó dára, àmọ́ lójú tèmi, ẹ̀rù òrìṣà ti ṣe iṣẹ́ yẹn kí ìwé tó dé, ẹ̀rù náà ló sì ń tán lọ. Àpò èédú tó tò sẹ́bàá ọ̀nà ń sọ ibi tí igi ń lọ. Òkúta gan-an ò bọ́: àwọn obìnrin jókòó síbòòji, wọ́n ń fi òòlù fọ́ ọ wẹ́wẹ́ fún àwọn tó ń kọ́lé. Oúnjẹ ni wọ́n ń wá, n ò bá wọn jà.

Tí ẹ bá fẹ́ lọ, oṣù kọkànlá ló dára jù: òjò ti dá, ọ̀nà ti gbẹ, iná ìgbẹ́ ò tí ì jó koríko tán, ọyẹ́ ò sì tí ì bo òkè lójú. Ẹ kí baálẹ̀ kẹ́ ẹ tó gun òkè kankan, ẹ sì jẹ́ kí ọmọ ibẹ̀ ṣíwájú yín, torí kò sí pátákó tó ń sọ igbó tí àlejò ò gbọ́dọ̀ wọ̀. Ẹ mú omi dání. Ẹ má sì lọ ní Ọjọ́rú: ọjọ́ ọjà Glazoué ni, iṣu ni àwọn alùpùpù ń gbé lọ́jọ́ náà.