Ẹ béèrè owó táyà kí ẹ tó ra mọ́tò spọ́ọ̀tì alòkù!

Ṣe bí o ti mọ, ẹlẹ́wà Ṣápọ́n. Bí òwe yìí bá wúlò níbì kan lóde òní, ìdí mọ́tò alòkù ló ti wúlò jù.

Ẹ wo bó ṣe máa ń rí. Ká ní ọmọ kan ní Ọ̀kà Àkókó kó owó díẹ̀ jọ nídìí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ó wá gbọ́ pé mọ́tò spọ́ọ̀tì kan wà ní Èkó, tòkunbọ̀ ni. Ilẹ̀kùn méjì péré ló ní, ó rẹlẹ̀ bí ẹni ń rákò, ohùn ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì ń bú bíi ti kìnnìún. Wọ́n ní nígbà tó wà ní tuntun, owó rẹ̀ tó kọ́lé. Ṣùgbọ́n ní báyìí, owó rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ju ti Camry lọ. Ni ọmọ bá gbéra, ó di ìsọ̀ ìyá rẹ̀ lọ́jà Ìkàrẹ́.

“Màmá, ẹ dákun, ẹ bá mi fi owó àjọ yín kún un. Ọ̀fẹ́ ni mọ́tò yẹn o!”

Bí ìyá náà bá mọ òwò í ṣe, ìbéèrè kan ṣoṣo ni yóò bi í: “Ọmọ mi, èló ni wọ́n ń ta táyà rẹ̀?”

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà.

MỌ́TÒ DI ALÒKÙ, PÁÀTÌ KÒ DI ALÒKÙ

Bí mọ́tò bá ṣe ń dàgbà ni owó rẹ̀ ń wálẹ̀. Ṣùgbọ́n owó páàtì rẹ̀ kì í bá a wálẹ̀. Bíréèkì tí wọ́n rọ fún mọ́tò olówó ńlá, iye tí ẹni tó ra mọ́tò náà ní tuntun ń rà á náà ni ẹni tó ra alòkù yóò rà á. Oníṣòwò páàtì kò ní tìtorí pé ẹ ra mọ́tò yín ní pọ́ọ́kú kó ṣàánú yín. Àní ó lè gbówó lé e, torí ó mọ̀ pé ẹ kò ní ibòmíràn tí ẹ máa lọ.

Ìdí rẹ̀ kò ṣòro fún ọlọ́jà láti mọ̀. Ohun tó pọ̀ lọ́jà kì í wọ́n. Corolla kún ìgboro, nítorí náà páàtì rẹ̀ kún Ládípọ̀ ní Mùṣin, ti tuntun wà, ti tòkunbọ̀ náà wà, èyí tí wọ́n tú lára àwọn mọ́tò tó ti kọṣẹ́. Mọ́tò spọ́ọ̀tì ńkọ́? Mélòó ló wà nílùú tí wọ́n á fi rí èyí tí wọ́n máa tú palẹ̀? Òkè òkun ni wọn yóò ti bèèrè rẹ̀, ẹni tó ń bèèrè yóò jẹ tirẹ̀, ẹni tó ń gbé e bọ̀ yóò jẹ tirẹ̀, àwọn aṣọ́bodè náà yóò gba tiwọn.

Àwọn tó ń ṣe mọ́tò wọ̀nyí kò ṣe é fún tálákà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọdún 1947 ni mọ́tò àkọ́kọ́ tó ń jẹ́ Ferrari jáde ní Ítálì. Ọdún 1963 ni àwọn ará Jámánì fi Porsche 911 han aráyé. Ọdún 1963 yẹn kan náà ni Ferruccio Lamborghini dá ilé iṣẹ́ mọ́tò tirẹ̀ sílẹ̀ ní Ítálì. Ẹ̀yin àgbẹ̀ Àkókó lè rẹ́rìn-ín o, katakata tí wọ́n fi ń roko ni ọkùnrin náà ti ń ṣe kó tó bẹ̀rẹ̀ mọ́tò! Ṣùgbọ́n katakata rẹ̀ ni àgbẹ̀ lè rà. Mọ́tò rẹ̀, ti olówó ni.

BẸ́LÌTÌ TÓ Ń PA Ẹ́ŃJÌNNÌ

Ẹ̀yin tó ń lo ẹ̀rọ ìlọta, ẹ mọ bẹ́lìtì dáadáa. Bó bá já, ẹ ra òmíràn, ẹ fi kọ́ ọ, ata ń lọ nìyẹn.

Ti Ferrari kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ mú F355 tí wọ́n ṣe láàárín 1994 sí 1999. Bẹ́lìtì wà nínú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tí wọ́n gbọ́dọ̀ máa pààrọ̀ ní ọdún mélòó kan sí ara wọn, ì báà jẹ́ pé mọ́tò náà kò kúrò lójú kan. Kí wọ́n tó lè dé ìdí bẹ́lìtì ọ̀hún, gbogbo ẹ́ńjìnnì ni wọ́n máa kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ kúrò lára mọ́tò. Bí ẹni tó ni ín bá ní òun ò ní owó rẹ̀, tí bẹ́lìtì bá já lójú ọ̀nà, písítìnì yóò máa kọ lu fáàfù, ẹ́ńjìnnì bàjẹ́ nìyẹn. Bẹ́lìtì kan péré o!

Porsche Boxster tó jáde ní 1996 wà lára àwọn spọ́ọ̀tì alòkù tí owó wọn ti wálẹ̀ jù. Ṣùgbọ́n nínú ẹ́ńjìnnì àwọn àkọ́kọ́ rẹ̀, bẹ́ríǹgì kékeré kan wà tí gbogbo mẹkáníìkì Porsche mọ̀ bí ẹni mọ owó. Bí bẹ́ríǹgì yìí bá fọ́, ó lè ba gbogbo ẹ́ńjìnnì jẹ́. Ẹni tó ra mọ́tò náà ní pọ́ọ́kú lè wá rí i pé owó ẹ́ńjìnnì ti ju owó mọ́tò lọ.

Òróró ẹ́ńjìnnì náà ńkọ́? Nǹkan bíi lítà 4 ló tó Corolla. Àwọn Porsche 911 àtijọ́, tí ẹ́ńjìnnì wọn wà lẹ́yìn, tí afẹ́fẹ́ sì ń tù ú lára bíi ti Volkswagen tó rí roboto bí ìjàpá, lítà 8 kò tó ọ̀pọ̀ wọn. Ẹ kò sì gbọ́dọ̀ ra òróró tí wọ́n ń rọ sínú ike lẹ́bàá títì.

ÒKÈ Ọ̀KÀ KÒ MỌ ORÚKỌ MỌ́TÒ

Ẹni tó bá mọ ilẹ̀ Àkókó mọ̀ pé ilẹ̀ òkè ni, ilẹ̀ àpáta ni. Láti Ìkàrẹ́ gba Àkùngbá dé Ọ̀kà, gígùn ni, sísọ̀kalẹ̀ ni. Bíréèkì ló ń jìyà níbẹ̀. Ẹni tó gun ẹṣin, ilẹ̀ ló ń bọ̀. Ẹni tó bá sì gun Òkè Ọ̀kà, yóò sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

Ọ́ìlì bíréèkì máa ń fa omi mu láti inú afẹ́fẹ́. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ mọ́tò fi ní kí wọ́n máa pààrọ̀ rẹ̀ lọ́dún méjì méjì. Bó bá ti pẹ́ jù, tí wọ́n wá ń tẹ bíréèkì léraléra lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ooru yóò mú un, omi inú rẹ̀ yóò hó. Ẹsẹ̀ awakọ̀ yóò tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi kan ilẹ̀, mọ́tò kò ní dúró. Àwọn èèyàn ìlú yìí kò nílò ẹni tí yóò sọ fún wọn ohun tí ìjánu tó já lè dá sílẹ̀. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2021, ọkọ̀ àjàgbé kan tí ìjánu rẹ̀ kọṣẹ́ ya wọ àwọn ìsọ̀ tó wà níwájú Yunifásítì Adékúnlé Ajásin ní Àkùngbá, ẹ̀mí sì ṣòfò. Àjàgbé nìyẹn, kì í ṣe spọ́ọ̀tì, àmọ́ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan náà ni gbogbo wọn ń sọ̀.

Táyà wá kù. Táyà spọ́ọ̀tì fẹ̀, ó sì tẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bó bá kó sí kòtò, ríìmù ló ń jẹ ìyà rẹ̀. Lára ọ̀pọ̀ wọn, táyà ẹ̀yìn tóbi ju ti iwájú lọ, wọn kò ṣe é pààrọ̀ fún ara wọn. Òmíràn kò tiẹ̀ ní táyà ìfidípò rárá. Bẹ́ẹ̀ ni ikùn mọ́tò náà fẹ́rẹ̀ẹ́ kanlẹ̀. Bọ́m̀pù tí ọ̀kadà ń fò kọjá, òun yóò fi àyà ha á.

DỌ́LÀ NI PÁÀTÌ Ń JẸ

Nígbà tí owó epo rọ̀bì ń ṣàn ní ọdún 1975, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to Peugeot ní Kàdúná àti Volkswagen ní Èkó. Òṣìṣẹ́ ìjọba ń ra mọ́tò tuntun nígbà náà. Nígbà tó di ọdún 1986, náírà jábọ́, mọ́tò tuntun di ti olówó, tòkunbọ̀ sì gba ìlú. Ọ̀pọ̀ gba ẹnu ibodè Kútọnu wọlé, títí ìjọba fi ní láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2017, mọ́tò kò gbọdọ̀ gba orí ilẹ̀ wọlé mọ́, àfi etí òkun.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò ọlọ́jà. Ká ní páàtì kan jẹ́ dọ́là 1,000 lókè òkun. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, bí wọ́n bá fi iye tí ìjọba ń ṣẹ́ dọ́là sí ṣírò rẹ̀, nǹkan bíi ₦460,000 ni. Ní oṣù kẹfà ọdún náà, ìjọba tú náírà sílẹ̀. Kí ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024 tó kọjá, páàtì kan náà ti ju ₦1,400,000 lọ. Páàtì kò yí padà, mọ́tò kò yí padà. Owó ọwọ́ ẹni tó ni mọ́tò ni kò tó nǹkan mọ́.

KÍ NI ṢÍṢE?

Kò sẹ́ni tó ní mọ́tò wọ̀nyí burú. Ọ̀nà tó tẹ́jú àti ọwọ́ tó mọ̀ wọ́n ni wọ́n ṣe wọ́n fún. Ẹni tó bá lágbára rẹ̀, kó gùn ún, kó gbádùn ara rẹ̀.

Ṣùgbọ́n oníṣẹ́ ọwọ́ tó fẹ́ rà á, kó kọ́kọ́ mú ọ̀gá mẹkáníìkì dání, kó sì rí i pé ọ̀gá náà ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ kọ̀ǹpútà mọ́tò wò. Mẹkáníìkì tó ń fojú díwọ̀n yóò máa pààrọ̀ ohun tí kò bàjẹ́, owó onímọ́tò ni yóò fi kọ́ṣẹ́. Lẹ́yìn náà, kó béèrè owó ohun márùn-ún ní Ládípọ̀: táyà mẹ́rin, bíréèkì, ṣọ́ọ̀kì, bẹ́lìtì àti gíà. Kó ro ó pọ̀. Bí àròpọ̀ náà bá ga ju ohun tí ìsọ̀ rẹ̀ ń mú wọlé lọ́dún kan, kó yáa fi mọ́tò náà sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín. Corolla yóò gbé e dé Ìkàrẹ́, yóò gbé e dé Ọ̀wọ̀, yóò sì gbé e padà wálé.

Ẹ̀yin ìyá, owó àjọ kì í ṣe owó àfiṣeré. Òun ló ń ra ọjà sínú ìsọ̀, òun ló ń san owó ilé ìwé. Bí ọmọ bá dé, tó ní ọ̀fẹ́ ni mọ́tò, ẹ má bá a jà. Ẹ ní kó lọ béèrè owó táyà wá.