Aṣọ Ìkélé fún Eré Idán: Ẹ Yẹ̀ Ẹ́ Wò Kí Ẹ Tó Fi Owó Ẹ̀yáwó Rà Á

Ìwé ẹ̀yáwó méjì tó jọ ara wọn ló wà níwájú ìgbìmọ̀ wa lóṣù yìí. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń pidán níbi ọjọ́ ìbí àwọn ọmọdé fẹ́ yá owó láti ra aṣọ ìkélé àti irin tí yóò máa gbé kiri. Ìyá kan tó ń fi àga àti kánópì háyà náà fẹ́ ra irú rẹ̀, kí ó lè máa fi háyà fún àwọn onídán àti àwọn eléré orí ìtàgé. Iye tí àwọn méjèèjì kọ sílẹ̀ ga ju bó ṣe yẹ lọ, nítorí ẹni tó fẹ́ tà á fún wọn ló bá wọn ṣírò rẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi ní kí a là á yé gbogbo yín, pàápàá jù lọ ẹ̀yin aláṣọ tó wà láàárín wa, torí ọ̀dọ̀ yín ló yẹ kí irú owó bẹ́ẹ̀ ti wá.

Láyé àtijọ́, eégún apidán kò wá ìkélé kankan kiri. Gbangba agbo ló ti ń ṣe tirẹ̀, aṣọ tó gbé wọ̀ ni ìkélé rẹ̀: ó yí i síhìn-ín, ó di ọ̀nì; ó yí i sọ́hùn-ún, ó di òjòlá. Ṣùgbọ́n onídán òde òní, irú èyí tí olóògbé Professor Peller tó kú ní 1997 sọ di ohun tí tọmọdé tàgbà mọ̀ nílẹ̀ wa, tábìlì àti àpótí ló ń lò, ó sì ní àwọn tó ń ràn án lọ́wọ́. Gbogbo ìwọ̀nyí ló ní ẹ̀yìn, ẹ̀yìn ọ̀hún ni èrò kò sì gbọdọ̀ rí. Iṣẹ́ ìkélé kò ju pé kí ó bo ẹ̀yìn náà, kí ó má sì gba ojú èrò kúrò lára onídán. Ẹwà ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ń tan àwọn èèyàn wa jẹ. Sátíìnì tó ń dán gbinrin ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ nà sí yín. Ó dùn ún wò nínú ṣọ́ọ̀bù, òótọ́ ni. Tí iná bá tàn sí i lórí pèpéle, á máa kọ mọ̀nà, gbogbo ojú ìrán á sì hàn. Bó bá tún fẹ́lẹ́ pẹ̀lú, tí fèrèsé tàbí gílóòbù wà lẹ́yìn rẹ̀, òjìji ẹni tó sápamọ́ á yọ kedere. Ẹ gbé aṣọ náà sókè nínú yàrá tó ṣókùnkùn, kí ẹnì kan tan tọ́ọ̀ṣì lẹ́yìn rẹ̀. Bí ẹ bá rí ìka ọwọ́ rẹ̀, ẹ dá a padà fún aláṣọ, ì báà jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ wa ló ń tà á.

Àrán dúdú ni ọba wọn. Irun wẹ́wẹ́ tó wà lójú rẹ̀ ló ń gbé ìmọ́lẹ̀ mì, kì í jẹ́ kó padà sójú èèyàn. Ó wọ́n díẹ̀, ó sì wúwo. Ẹni tí apá rẹ̀ kò bá ká a lè ra òwú dúdú tó ki dáadáa tí kò dán, kó fi òmíràn tẹ́ ẹ lẹ́yìn. Ẹ sọ fún télọ̀ yín pé irun àrán gbọ́dọ̀ kọjú síbì kan náà ní gbogbo abala. Bí ọ̀kan bá kọjú sókè tí èkejì dorí kodò, ẹ ó rò pé àwọ̀ méjì ni ẹ rà. Ẹ má sì lọ ayọ́ọ̀nù gbígbóná mọ́ ojú rẹ̀ o, kò ní ṣeé wò mọ́.

Ó wá ku ìṣirò. Ẹ jẹ́ ká ní ìkélé tí ẹ fẹ́ fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 10, ó sì ga ní ẹsẹ̀ bàtà 8. Bí aṣọ bá nà tán bí awọ ìlù, kò ní bo nǹkan dáadáa. Ó yẹ kó ní ìṣẹ́po, kí fífẹ̀ aṣọ tó ìlọ́po kan àtààbọ̀. Ìyẹn já sí ẹsẹ̀ bàtà 15, tàbí ínṣì 180. Aṣọ tó fẹ̀ ní ínṣì 45 yóò gba abala mẹ́rin. Abala kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ibi tí a ó ká lókè àti nísàlẹ̀, yóò jẹ́ yáàdì 3. Yáàdì 12 nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí èyí tó fẹ̀ ní ínṣì 60, abala mẹ́ta péré ni, yáàdì 9 ti tó. Bí yáàdì aṣọ fífẹ̀ bá fi ìdá mẹ́ta kan wọ́n ju ti tóóró lọ, owó kan náà ni ẹ ó san, ẹ sì ti jèrè owó ìránṣọ. Ọ̀kan nínú ìwé méjèèjì tó wà lọ́wọ́ wa kọ yáàdì 20 fún irú ìwọ̀n yìí. Kí ni wọ́n fẹ́ fi ìyókù ṣe, àbí aṣọ ẹbí ni?

Nípa àwọ̀, dúdú dára, ṣùgbọ́n onídán tó bá wọ kóòtù dúdú níwájú aṣọ dúdú yóò di orí àti ọwọ́ lásán. Àwọn kan ti sọ èyí di idán fúnra rẹ̀. Láàárín 1880 sí 1890, ọkùnrin Jámánì kan tí ń jẹ́ Max Auzinger fi aṣọ dúdú àti iná tó kọjú sí èrò mú kí nǹkan máa yọ kó sì máa pòórá nílùú Berlin. A ò ní tú àṣírí oníṣẹ́ ọwọ́ ju báyẹn lọ. Ẹni tí kì í ṣe irú idán bẹ́ẹ̀, kó ra pupa tó jinlẹ̀ tàbí búlúù tó ṣú.

Irin ìgbékọ́ kò ní wàhálà púpọ̀. Páìpù rọ́bà tí wọ́n fi ń fa omi pọ́ọ́kú lówó, ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbé àrán kọ́ ọ, àárín rẹ̀ á tẹ̀ bí ọrun. Ẹ jẹ́ kí wẹ́dà ṣe irin tó ṣeé tú sí méjì-méjì, kó lè wọ bọ́ọ̀sì. Ìdí rẹ̀ ni kí ẹ mójú tó: aṣọ tó fẹ̀ tó yẹn, ìgbòkun ọkọ̀ ojú omi ni níwájú afẹ́fẹ́. Àpò yanrìn méjì lẹ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ó lè wó lu ọmọ ọlọ́mọ. Lágboolé wa náà, àwọn ọmọdé kì í jókòó síbi tí a fi wọ́n sí, ẹ̀yìn ìkélé ni wọ́n máa ń sáré lọ. Ẹ gbé e ti ògiri.

Ọ̀rọ̀ iná ló wà lọ́kàn wa jù. Ní ọjọ́ 9 oṣù karùn-ún ọdún 1911, gbajúmọ̀ onídán tí wọ́n ń pè ní The Great Lafayette wà lórí pèpéle ní ilé eré Empire Palace nílùú Edinburgh ní Scotland, nígbà tí iná àtùpà kan ran àwọn aṣọ orí pèpéle. Èrò tó tó 3,000 ló wà níjòókòó. Wọ́n sọ ìkélé aláàbò kalẹ̀ láàárín pèpéle àti èrò, àwọn èrò sì jáde láàyè. Lafayette àti mélòó kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò jáde. Ta ló ní ìkélé aláàbò lábẹ́ kánópì tiwa? Òwú a máa tètè gbiná. Pọlisítà a máa yọ́, á sì lẹ̀ mọ́ ara. Ẹ lè po bóráksì àti bọ́ríìkì ásíìdì mọ́ omi gbígbóná, kí ẹ rẹ aṣọ òwú sínú rẹ̀, kí ẹ sá a gbẹ. Igun kékeré ni kí ẹ kọ́kọ́ dán an wò, torí àwọ̀. Bí ẹ bá fọ aṣọ náà, oògùn ti bá omi lọ, ẹ tún un ṣe. Kò ṣiṣẹ́ dáadáa lára pọlisítà. Kí ẹnikẹ́ni má sì tan àbẹ́là nítòsí rẹ̀, ì báà jẹ́ torí idán.

Èrò tiwa lórí ìwé méjèèjì nìyí. Kí ìyá náà ra irin, torí irin kan lè gbé aṣọ púpọ̀: funfun fún ìkómọ, aláràbarà fún àwọn ayàwòrán, pupa fún eré ìjọ. Kí ọ̀dọ́mọkùnrin náà ra àrán tirẹ̀ nìkan, kó máa yá irin lọ́wọ́ ìyá náà. Àrán kì í ṣe ohun tí à ń gbé lọ síbi ọbẹ̀ ń ta sí aṣọ. Bí wọ́n bá ṣe é bẹ́ẹ̀, ẹ̀yáwó àwọn méjèèjì á dín kù, àwọn onígbọ̀wọ́ wọn á sì lè sùn.

Aláṣọ tó bá ní àrán tàbí òwú dúdú tó fẹ̀ ní ínṣì 60, kó mú yáàdì kan wá sí ìpàdé oṣù tó ń bọ̀. Akápò á mú tọ́ọ̀ṣì dání.