Agbọ́n kékeré tó gba ẹ̀gẹ́ wa là: kí ló dé tí ìran rẹ̀ fi ṣe pàtàkì?

Àwọn àgbẹ̀ tó ti dàgbà ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá á rántí kòkòrò funfun bí òwú tó dé sórí ẹ̀gẹ́ ní nǹkan bí ọdún 1979. Ó máa ń fa omi ara ewé tuntun mu, orí ẹ̀gẹ́ á wá ká jọ. Níbi tó bá ti le, ó lè ba ìdá ọgọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún irè oko jẹ́. Láti Gúúsù Amẹ́ríkà ló ti wá.

Oògùn kọ́ ló ṣẹ́gun rẹ̀. Lọ́dún 1981, àwọn onímọ̀ rí agbọ́n tín-ín-tín kan, Anagyrus lopezi, ní Paraguay. Lọ́dún náà ni IITA tú u sílẹ̀ n'Íbàdàn, oko ẹ̀gẹ́ ní agbègbè Abẹ́òkúta sì wà lára ibi tí wọ́n ti ṣọ́ iṣẹ́ rẹ̀. Inú kòkòrò funfun yẹn ni agbọ́n yìí máa ń yé ẹyin sí. Ọmọ rẹ̀ á jẹ kòkòrò náà láti inú títí tó fi máa kú.

Ìwọ̀nba díẹ̀ ni wọ́n kó wá. Ẹni tó ń sin adìyẹ mọ̀ pé bí àkùkọ kan ṣoṣo bá ń gun ọmọ àti ọmọ-ọmọ rẹ̀, àìlera á wọlé. Kí ló dé tí ti agbọ́n yìí ò rí bẹ́ẹ̀? Ẹyin tí àtọ̀ akọ ò bá kàn, akọ ló máa ń dà, àbùdá ìyá nìkan ló sì ń gbà. Bí àbùdá burúkú bá wà níbẹ̀, kò sí ti bàbá tó máa bò ó mọ́lẹ̀. Akọ náà á kú, àbùdá burúkú á sì bá a lọ. Lọ́dún 2009 pàápàá, nǹkan bí 500 agbọ́n ni Thailand gbà láti Benin, wọ́n sì ṣiṣẹ́ níbẹ̀.

Síbẹ̀, bí gbogbo wọn bá jọra jù, ewu ń bẹ. Bí ooru bá pọ̀ sí i, àwọn tí àbùdá wọn yàtọ̀ ló máa ṣẹ́ kù láti tẹ̀ síwájú. Ibi tí wọ́n ti kó wọn wá náà ṣe kókó. Láàrin 1984 sí 1988, wọ́n kó oríṣi kòkòrò ẹbí aláǹtakùn wá láti Colombia, kí wọ́n máa jẹ kòkòrò aláwọ̀ ewé tó ń mu ẹ̀gẹ́. Kò sí ìkankan tó dúró. Àwọn tó wá láti Brazil, níbi tí ojú ọjọ́ ti jọ tiwa, ló wá rọ́wọ́ mú.

Kí lèyí kàn wá? Ẹni tó bá ń fín oògùn apakòkòrò káàkiri oko ń pa agbọ́n olùrànlọ́wọ́ mọ́ ọn. Díẹ̀ tó bá kù, àbùdá wọn á dín kù, kòkòrò funfun á sì padà dé. Torí náà, ẹ̀yin àgbẹ̀ wa, igi ẹ̀gẹ́ tó mọ́ ni kẹ́ ẹ gbìn, kẹ́ ẹ sì bi òṣìṣẹ́ ètò ọ̀gbìn kẹ́ ẹ tó gbé garawa oògùn kọ́ èjìká. Gaàrí àti làfún ilé wa wà lọ́wọ́ agbọ́n yìí.