Ilẹ̀ tí Ń Rì àti Ojú tí Ń Wò Ó láti Òkè: Sátẹ́láìtì àti Ọ̀ràn Ayétòrò

Ó lè ya yín lẹ́nu pé olùkọ́ lítíréṣọ̀ ni ó dìde láti sọ̀rọ̀ nípa sátẹ́láìtì. Àwáwí mi kò ju ẹyọ kan lọ: kíkà ni a ń ka àwòrán tí sátẹ́láìtì ń yà, gẹ́gẹ́ bí a ti ń ka ìwé, ènìyàn sì lè ṣì í kà.

Ní ìhà àríwá ayé, ní Alaska, Kánádà àti Rọ́ṣíà, ilẹ̀ kan wà tí ó dì gbagidi, tí òtútù rẹ̀ kì í yẹ̀ fún ọdún méjì léraléra, ó kéré tán. Permafrost ni wọ́n ń pè é. Yìnyín inú rẹ̀ ni ó gbé ilé àti ọ̀nà ró. Bí yìnyín náà bá yọ́, ilẹ̀ a rì, ògiri a sán. Sátẹ́láìtì kò lè rí yìnyín abẹ́ ilẹ̀. Àmì ni ó ń rí: ilẹ̀ tí ó rẹlẹ̀, adágún omi tuntun, etí odò tí ó ń ya lulẹ̀. Ní abúlé Newtok ní Alaska, odò Ninglick ń jẹ ilẹ̀ bí yìnyín ti ń yọ́, títí àwọn ìdílé àkọ́kọ́ fi kó lọ sí ibùdó tuntun, Mertarvik, ní 2019.

Kò sí yìnyín lábẹ́ ilẹ̀ Yorùbá, ṣùgbọ́n a ní Newtok tiwa. Ayétòrò ni, ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ní 1947 ni àwọn onígbàgbọ́ kan tẹ̀ ẹ́ dó sí etí òkun, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ pọ̀, tí wọ́n sì ní àpò kan ṣoṣo. Iná mànàmáná wà níbẹ̀ ní àwọn ọdún 1950, nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú ńlá wa ṣì ń tan àtùpà. Òkun ti gbé púpọ̀ nínú ìlú yìí lọ, ilé àti iléeṣẹ́.

Báwo ni a ṣe ń wọn ohun tí òkun gbé? Láti 1972 ni Amẹ́ríkà ti ń fi àwọn sátẹ́láìtì Landsat ya ojú ayé, láti 2008 sì ni àwòrán wọn ti di ọ̀fẹ́ fún gbogbo ènìyàn. Ìtànṣán kan wà tí ojú wa kò rí, tí omi a máa gbé mì, tí ilẹ̀ àti ewéko a máa dá padà. Nítorí náà omi a ṣú dúdú nínú àwòrán náà, ilẹ̀ a sì mọ́. A ó fa ìlà sí ààlà àwọn méjèèjì, a ó gbé ìlà ti àwọn ọdún 1980 lé ti òde òní, ohun tí ó wà láàárín wọn ni òkun jẹ.

Ibẹ̀ gan-an ni àṣìkà ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí a bá ya àwòrán kan nígbà tí omi òkun kún, tí a ya èkejì nígbà tí ó fà, a ó rò pé ilẹ̀ lọ tàbí pé ó padà. Ẹrẹ̀ sì pọ̀ ní etíkun Ìlàjẹ, tí ènìyàn kò fi ní mọ ibi tí omi parí sí. Èyí tí ó dùn mí jù ni ti ìwọ̀n. Àwòrán náà dà bí ẹní tí a hun. Nínú ti Landsat, ojú ẹní kọ̀ọ̀kan jẹ́ ọgbọ̀n mítà níbùú àti lóròó. Ní Ìdímù níbí, púlọ́ọ̀tì ilẹ̀ kan jẹ́ ọgọ́ta ẹsẹ̀ sí ọgọ́fà; kò tó ojú ẹní kan. Gbogbo ohun tí bàbá kan fi ọgbọ̀n ọdún kó jọ lè wọ omi kí àwòrán má mọ̀.

Àwọn sátẹ́láìtì mìíràn ríran jù bẹ́ẹ̀ lọ. NigeriaSat-2 tiwa, tí a gbé lọ sójú ọ̀run ní 2011, a ṣe é kí ó lè rí ohun tí ó tó mítà méjì àti ààbọ̀. Láti 2014 ni Sentinel-1 ti Yúróòpù ti ń lo rédà, tí ìkùukùu kò lè dí lójú. Ní àsìkò òjò Èkó, ẹ mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Ó ń rán ìgbì sí ilẹ̀, ó ń gbà á padà, a sì ń fi ìpadàbọ̀ òní wé ti àtẹ̀yìnwá. Bí ilẹ̀ bá rì ní mìlímítà díẹ̀ lọ́dún, a lè mọ̀. Ọ̀nà yìí ni wọ́n fi ń wo ilẹ̀ yìnyín, òun náà ni àwọn onímọ̀ fi rí i pé apá kan ìlú Èkó ń rì. Lára ohun tí ó lè fà á ni wíwúwo ilé lórí ilẹ̀ rírọ̀, àti omi abẹ́ ilẹ̀ tí a ń fà. Ẹ jẹ́ kí a rántí ìyẹn, àwa tí ẹni kọ̀ọ̀kan wa gbẹ́ kànga ẹ̀rọ sí ẹ̀yìnkùlé.

Ṣùgbọ́n rédà kò mọ ẹni tí ó ni ilé. Kò mọ ìyá tí ń yan ẹja tí ibùdó ìyan rẹ̀ lọ, tàbí ọmọ tí ó kúrò ní ilé-ìwé nítorí pé ilé-ìwé kò sí mọ́. Bí ìjọba bá fẹ́ san owó ìrànwọ́, ìlà orí àwòrán kò tó ẹ̀rí. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ilẹ̀ àti akẹ́kọ̀ọ́ èdè jọ lọ sí Ayétòrò, kí wọ́n tẹ́ àwòrán àtijọ́ síwájú àwọn àgbà, kí wọ́n na ìka sí ibi tí ó ti di omi báyìí, kí wọ́n béèrè orúkọ àdúgbò náà àti orúkọ àwọn tí ó gbé ibẹ̀, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ ní ẹ̀ka-èdè Ìlàjẹ, bí wọ́n ti gbọ́ ọ gan-an.