Ṣé O Mọ̀? Pílà Sán, Ta Lo Sọ Fún?

Ṣé o mọ̀ pé lítà omi kan wúwo tó kílò kan? Tànkì onílítà 1,000 tó wà lókè ilé ní Òkókómáíkò, bó bá kún, bí ẹni to àpò sìmẹ́ńtì 20 jọ sórí dẹ́kìn ni. Mẹ́ta ló wà níbẹ̀? Ọgọ́ta àpò. Kò sì dájú pé wọ́n dárúkọ tànkì fún ẹni tó ya àwòrán ilé náà.

Ṣé o mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ìlà ara ògiri ló yẹ kó já ọ láyà? Èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun sábà máa ń jẹ́ ti pílásítà tó gbẹ. Èyí tó ń ti igun fèrèsé dagun wálẹ̀, èyí tó ń gun búlọ́ọ̀kù bí àtẹ̀gùn, èyí tó wà lára pílà tàbí bíìmù, àwọn yẹn ni ọ̀ràn. Fi pẹ́ńsù sàmì sí òpin rẹ̀, kí o kọ déètì síbẹ̀. Bó bá kọjá àmì náà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó ń rìn nìyẹn. Ilẹ̀kùn tí kì í há tẹ́lẹ̀ tó wá ń há, kọnkéré tó ń já bọ́ tí irin rọ́ọ̀dù fi yọjú pẹ̀lú ìpẹtà: ìròyìn ni gbogbo wọn.

Ṣé o mọ̀ pé irin máa ń pàdánù nǹkan bí ìdajì agbára rẹ̀ bí ooru bá dé digíríì 600, tí iná inú ilé sì lè kọjá ibẹ̀ dáadáa? Ilé Bank of Industry tó ga gan-an ní Broad Street, tí iná ti jó ṣáájú, apá kan rẹ̀ ya lulẹ̀ ní oṣù Ẹrẹ́nà 2006. Láńdílọ́ọ̀dù tó bá kun ọ̀dà funfun sí yàrá tí iná jó láì pe ẹnjiníà, èéfín nìkan ló pa rẹ́.

Ṣé o mọ̀ pé ilé alájà 21 tó wó ní Gerrard Road, Ìkòyí, ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Bélú 2021, kò wó láìsọ tẹ́lẹ̀? Ní oṣù Èrèlé 2020, ilé-iṣẹ́ ẹnjiníà kan tó wà nínú iṣẹ́ náà kọ̀wé pé àwọn yọwọ́, pé ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe é kò bá tàwọn mu mọ́. Ta ni wọ́n kọ ọ́ sí? Ẹni tó ni iṣẹ́. Ibẹ̀ gan-an ló ń dùn mí. Ìgbà tí ilé wó tán ni aráàlú tó rí ìwé náà. Ìjọba ní òun ti ti ibẹ̀ pa ní oṣù Òkúdu 2021, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tún bẹ̀rẹ̀. Èèyàn tó lé ní 40 kú, ẹni tó ń kọ́lé náà wà lára wọn.

O lè ní ní Ọ̀jọ́ àti Ìbà, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kékeré la ní. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì náà ni ti Ìta Fàájì, tí ilé-ìwé wà nínú rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ní àwọn ti sàmì sí i pé wíwó ni. Ó fúnra rẹ̀ wó ní ọjọ́ 13 oṣù Ẹrẹ́nà 2019, ó pa 20. Ní ọjà Alábà níbí, ìjọba ló wó àwọn ilé tó sàmì sí ní 2023. Ariwo pọ̀.

Ṣé o mọ̀ pé àwọn ayálégbé Grenfell Tower ní Lọ́ńdọ̀nù ti kọ ọ́ síta ní oṣù Bélú 2016 pé àfi tí ọ̀pọ̀ bá kú ni láńdílọ́ọ̀dù wọn máa tó gbọ́? Oṣù méje lẹ́yìn náà, iná pa èèyàn 72. Ní Lakanal House, nítòsí Peckham tí ọmọ Yorùbá kún inú rẹ̀, àwọn panápaná ní kí àwọn kan dúró sínú ilé nígbà tí iná ń jó ní 2009. Mẹ́fà kú. Ìmọ̀ràn pé kí èèyàn dúró, ilé tí ògiri àti ilẹ̀kùn rẹ̀ lè dá èéfín dúró ló wà fún. Ilé tiwa kọ́. Jáde ni! Nítorí náà, bọ́gílárì tí kò ní ibi ṣíṣí náà yẹ ní fífẹjọ́ sùn.

Ṣé o mọ̀ pé láti 2005 ni ẹnjiníà ní Bìrìtìkó ti lè kọ̀wé sí ètò kan tó ń jẹ́ CROSS nípa ilé tó ń kọ òun lóminú, tí orúkọ rẹ̀ kò sì ní jáde? Ká ní irú rẹ̀ wà lórí tábìlì ẹni tó kọ ìwé Ìkòyí yẹn.

Tiwa ńkọ́? LASBCA ló ń mójú tó ilé kíkọ́ ní Èkó, ó sì ní ọ́fíìsì ní àwọn ìjọba ìbílẹ̀. Bí ilé bá ń ké, tàbí iná ràn, 767 tàbí 112 ni. O ń bẹ̀rù kí láńdílọ́ọ̀dù má lé ọ? Òfin ilé yíyá ti 2011 fún ayálégbé ọlọ́dọọdún ní ìwé ìkìlọ̀ oṣù mẹ́fà, bí ẹ kò bá ṣe àdéhùn mìíràn. Òfin náà yọ Ìkòyí àti Àpápá sílẹ̀, kò yọ Ọ̀jọ́.

Nínú ìwé tí o bá kọ sí LASBCA, kọ nọ́ḿbà ilé, iye àjà, ibi tó sán, iye ìdílé tó ń gbébẹ̀, kí o so fọ́tò tó ní déètì mọ́ ọn. Kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà tìrẹ. Bó bá jẹ́ fóònù, dárúkọ bọ́sìtọ́ọ̀bù ṣáájú orúkọ rẹ: PPL ni, àbí Ìyànà Ìbà?