Omi Ń Bẹ Nílé, Fàájì Wà Lẹ́yìn Odi: Bí Ará Bìní Ṣe Di Èrò Abraka

Bí ìsinmi ọdún Àjíǹde tàbí ti Kérésì bá dé, ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ṣọ́ọ̀ṣì àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Ìlú Bìní a máa háyà bọ́ọ̀sì. Wọ́n á gbé kúlà oúnjẹ àti ti ohun mímu sẹ́yìn ọkọ̀, ó di Abraka ní Ìpínlẹ̀ Delta, níbi tí odò Ethiope ti mọ́ gaara débi pé iyanrìn ìsàlẹ̀ rẹ̀ hàn sójú. Owó ìwọlé ni wọ́n ń san kí wọ́n tó fẹsẹ̀ kan omi. Bí awakọ̀ bá sì gba ọ̀nà Agbor, kò ní tíì jáde nílùú tí yóò fi gun afárá odò Ikpoba. Lókè odò yẹn kan náà, lágbègbè Okhoro, ni adágún tí dáàmù Ikpoba sé jọ wà. Inú ìlú ló wà, àmọ́ wọn ò ṣe é fún àlejò.

Báwo ni ìlú tó ní odò Ikpoba lápá kan, tó ní odò Ogba lápá kejì, ṣe wá di ìlú tó ń wá omi fàájì lọ sílẹ̀ ẹlòmíràn?

Láyé àtijọ́, omi kì í ṣe ohun ìṣeré lásán nílẹ̀ Ẹdó. Olókun ni wọ́n ń bọ níbẹ̀, òrìṣà tó ń fúnni lọ́mọ, tó ń fúnni lọ́rọ̀, tí ẹfun àti aṣọ funfun jẹ́ àmì àwọn olùsìn rẹ̀. Adágún tún jẹ́ ibi ìrántí. Ní Udo, ìlú àtijọ́ tó wà níwọ̀ oòrùn Bìní, ìtàn ìbílẹ̀ tí Jacob Egharevba kọ sílẹ̀ sọ pé Arhuaran, òmìrán ọmọ ọba, kojú ọbàkan rẹ̀, Ọba Esigie, lójú ogun ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún. Ogun náà gba ọmọ kan ṣoṣo tí Arhuaran bí. Ìbànújẹ́ mú un, ó bá lọ sọ ara rẹ̀ sínú adágún ìlú náà. Ẹni tó bá gbọ́ irú ìtàn yìí kó tó dé etí omi kò ní kọ́kọ́ ronú àtibọ́ aṣọ wẹ̀.

Ìjọba òyìnbó dé, ó sọ omi di ohun tí à ń fi páìpù pín. Bí ẹ̀rọ ṣe dé náà ni owó tẹ̀ lé e. Láàárín ọdún 1937 sí 1939, lórí oyè Ọba Akenzua Kejì, àwọn ará Bìní fárígá lórí owó omi tí wọ́n bù lé wọn, ọ̀rọ̀ náà sì di ìjà ìṣèlú tó gbóná tó bẹ́ẹ̀ tí òpìtàn Philip Igbafe fi kọ odindi iṣẹ́ ìwádìí kan lé e lórí ní 1968. Omi wá di ọ̀rọ̀ owó orí àti ti ìjọba. Ojú yẹn náà ni àwọn tó gba ìjọba lọ́wọ́ òyìnbó fi ń wò ó.

Ìlú kò dúró. Ìkànìyàn 1963 ka 100,694 èèyàn ní Bìní. Ọdún yẹn gan-an ni wọ́n dá Ẹkùn Mid-West sílẹ̀, Bìní sì di olú ìlú rẹ̀. Yunifásítì dé ní 1970, ilé iṣẹ́ pọtí Guinness dé ní 1974, òṣìṣẹ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ń ya wọ̀lú lójoojúmọ́. Láàárín ọdún 1970 sí 1979 ni ìjọba sé odò Ikpoba ní Okhoro, tí omi sì kún àfonífojì náà. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé dáàmù náà lọ́wọ́ kò ju kí omi máa yọ nínú ẹ̀rọ lọ: ẹ̀rọ afami, ilé ìsẹ́mi, páìpù.

Síbẹ̀ àwọn èèyàn wá síbẹ̀ fúnra wọn. Apẹja gbé ọkọ̀ àti àwọ̀n dé. Nísàlẹ̀ odò, ọmọdé ń lúwẹ̀ẹ́, àgbà ń fọ aṣọ, awakọ̀ ń fọ mọ́tò, àwọn oníyanrìn náà ń wa tiwọn. Ọgbà Ugbowo ti Yunifásítì Bìní kò jìnnà sí omi náà, nítorí náà àwọn onímọ̀ nípa ẹ̀dá inú omi sọ ọ́ di yàrá ìwádìí. Ọ̀jọ̀gbọ́n A.B.M. Egborge, tó ti fi ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ṣe lórí odò Ọ̀ṣun àti adágún Aṣejirẹ nílẹ̀ Yorùbá, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tó sọ ẹ̀kọ́ yìí di ńlá ní yunifásítì náà.

Ohun tí àwọn onímọ̀ rí kò dùn mọ́ni. Ilẹ̀ Bìní pupa, iyanrìn rẹ̀ sì rọ̀. Àgbàrá òjò ń gbá a láti ojú títì àti láti ilẹ̀ tí wọ́n ti gé igi rẹ̀ tán, ó ń dà á sínú adágún. Bí ẹrẹ̀ bá ṣe ń ga nísàlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni omi á máa dín jíjìn kù. Oòrùn á ráyè kan ìsàlẹ̀, ewé omi á hù, á sì bo ojú adágún bí ẹní. Lẹ́yìn èyí, ọkọ̀ apẹja pàápàá á máa wá ibi tí yóò gbà.

Ogba ni ìlú ti gbìyànjú láti fún aráàlú ní ibi ìgbafẹ́ tòótọ́. Nínú igbó ìjọba tó wà níbẹ̀ ni ọgbà ẹranko Ogba wà, tí ilé ìwé máa ń kó ọmọ lọ wo kìnnìún àti ọ̀bọ lábẹ́ igi ńláńlá. Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹsàn-án 2017, àwọn agbébọn ya wọbẹ̀, wọ́n pa ọlọ́pàá mẹ́ta, wọ́n sì jí ọ̀gá ọgbà náà gbé. Ó gba ìtúsílẹ̀ lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n òbí wo ló gbọ́ ìròyìn yẹn tí kò ní bi olùkọ́ léèrè pé ta ni yóò ṣọ́ àwọn ọmọ?

Ẹni tó bá fẹ́ igbó tó jinlẹ̀ ju ti Ogba lọ á kọrí sí Okomu, níwọ̀ oòrùn ìlú. Láti 1912 ni wọ́n ti ya igbó náà sọ́tọ̀. Ó di ọgbà ìjọba àpapọ̀ ní 1999, fífẹ̀ rẹ̀ sì tó nǹkan bí igba kìlómítà níbùú lóròó. Ọ̀nà Udo ni wọ́n ń gbà débẹ̀, ìlú Arhuaran yẹn náà.

Ní ti Ethiope, omi náà sun láti inú ilẹ̀ ní Umuaja, ó gba Obiaruku kọjá, ó dé Abraka. Orúkọ ọkọ̀ ojú omi tí John Beecroft gbé wá ní 1840 ni òyìnbó fi pè é. Aládàáni ló tẹ́ ilé ìtura sétí rẹ̀ ní Abraka, wọ́n ṣe àtẹ̀gùn tó wọ omi, wọ́n sì ń gba owó lẹ́nu ọ̀nà. Bí ará Bìní ṣe di oníbàárà wọn nìyẹn. Ibi tí wọ́n ti tún etí omi ṣe ni ẹsẹ̀ èrò ń wọ́ lọ.

Ṣé omi tí ìlú ń mu tún lè gba àlejò? Ní Walthamstow, ní Lọ́ńdọ́nù, kò jìnnà sí Tottenham, adágún mẹ́wàá tí ilé iṣẹ́ Thames Water ń lò wà lẹ́yìn ọgbà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Apẹja àti awòẹyẹ tó gba ìwé àṣẹ nìkan ló ń wọlé. Ní oṣù kẹwàá 2017, wọ́n ṣí i fún gbogbo ayé lọ́fẹ̀ẹ́. Èèyàn ń rìn létí omi, wọ́n ń wo ẹyẹ, àmọ́ ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ lúwẹ̀ẹ́. Nítòsí wa níhìn-ín, omíyalé Ògùnpa ba Ọgbà Agodi ní Ìbàdàn jẹ́ ní 1980. Ìjọba Abíọ́lá Ajímọ̀bi tún un ṣe, tẹbí tọ̀rẹ́ sì tún ń jókòó létí adágún rẹ̀.

Ewu wà ńbẹ̀ o. Lẹ́yìn tí wọ́n ṣí dáàmù Ọ̀yán ní Ìpínlẹ̀ Ògùn ní 1983, àtọ̀sí ajá gbilẹ̀ láàárín àwọn ará abúlé tó wà létí rẹ̀, nítorí ìgbín kékeré tó ń gbé kòkòrò àrùn náà fẹ́ràn omi tó dúró sójú kan.

Ìdí nìyí tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Ẹdó fi gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé ètò bí ó bá fẹ́ ṣí Ikpoba. Kí wọ́n kọ́kọ́ kó ẹrẹ̀ àti ewé kúrò, kí wọ́n sì dí ojú àgbàrá. Kí wọ́n wá la ọ̀nà ẹsẹ̀ sétí omi, kí wọ́n fi ẹ̀ṣọ́ síbẹ̀ tọ̀sán-tòru, kí wọ́n sì kọ ọ́ gàdàgbà pé ìwẹ̀ kò sí. Ẹ̀yin òǹkàwé tẹ́ ẹ̀ ń múra Abraka lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ béèrè ẹ̀wù àwọ̀léfòó kí ẹ tó sanwó, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọdé wọ omi láìsí àgbà tó mọ̀ ọ́n wẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.