Bàlágà àti Ìtají: Ọ̀rọ̀-Ìperí fún Ìyípadà tí Ọpọlọ ń Darí

Kò sí òbí ní Bọ́ládé, ní Òṣòdì, tí kò mọ ohun tí a ń pè ní bàlágà. Bí ọmọbìnrin bá rí nǹkan oṣù rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́, tàbí bí ohùn ọmọkùnrin bá nípọn, wọn a ní ọmọ náà ti bàlágà. Inú èdè Lárúbáwá ni ọ̀rọ̀ náà ti wá. Ìtumọ̀ rẹ̀ níbẹ̀ ni kí ènìyàn dé ibì kan. Nínú òfin Ìsìláàmù, ẹni tó bá ti bàlágà ni ìrun àti ààwẹ̀ di dandan fún. Dídé ni ọ̀rọ̀ yìí ń tọ́ka sí. Ṣùgbọ́n ohun tí ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ń ṣàlàyé ni ìrìn àjò ọlọ́dún púpọ̀ tó ṣáájú dídé náà. Níbẹ̀ ni ìṣòro olùkọ́ àti atúmọ̀ èdè wà.

Orí ni ìrìn àjò náà ti ń bẹ̀rẹ̀. Haipotálámọ́ọ̀sì, tó wà ní ìsàlẹ̀ ọpọlọ, a máa tú họ́mọ́ọ̀nù tí a ń pè ní GnRH sílẹ̀ ní ìdákúrekú. GnRH a lọ bá pitúítárì, kókó kékeré tí kò ju hóró ẹ̀wà lọ. Pitúítárì a sì da họ́mọ́ọ̀nù méjì, LH àti FSH, sínú ẹ̀jẹ̀. Bí àwọn wọ̀nyí bá dé ilé-ẹyin obìnrin, ẹ́sítírójìn ni yóò jáde. Bí wọ́n bá dé kóró ẹpọ̀n ọkùnrin, tẹsitọ́sítírónù ni. Ọ̀nà yìí kì í ṣe tuntun: ó ti ṣiṣẹ́ fún oṣù díẹ̀ lẹ́yìn tí a bí ọmọ, kí ọpọlọ tó dá a dúró fún ọ̀pọ̀ ọdún. Jíjí ni ó tún ń jí, òru ni ó sì kọ́kọ́ ń jí, nígbà tí ọmọ bá ń sùn. Kísípẹ́pítíìnì wà lára ohun tí ń ta á jí. Ní 2003 ni àwọn onímọ̀ fi hàn pé ẹni tí ara rẹ̀ kò lè gba ìròyìn yìí kì í bàlágà fúnra rẹ̀. Ìtají, nígbà náà, ni orúkọ tó yẹ ìbẹ̀rẹ̀ yìí.

Họ́mọ́ọ̀nù pẹ̀lú ń fẹ́ àlàyé. Ernest Starling, onímọ̀ ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó gbé ọ̀rọ̀ náà jáde ní 1905, láti inú ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó túmọ̀ sí kí a ru nǹkan sókè. Bí a bá pè é ní oje lásán, akẹ́kọ̀ọ́ lè kà á mọ́ itọ́ àti òógùn. Ìwọ̀nyí ní ojú ihò tí wọ́n ń gbà jáde; inú ẹ̀jẹ̀ ni họ́mọ́ọ̀nù ń gbà, tí ó sì ń jíṣẹ́ fún ẹ̀yà ara tó jìnnà. Oje-ìránṣẹ́ ni ó gbé ìtumọ̀ yìí yọ jù.

Àwọn àmì ní ètò tiwọn. Ní ti ọmọbìnrin, ọyàn tí ń yọ ni ó sábà máa ń ṣáájú, láàárín ọdún 8 sí 13. Nǹkan oṣù a tẹ̀ lé e ní nǹkan bí ọdún méjì sí mẹ́ta. Ní ti ọmọkùnrin, kóró ẹpọ̀n ni ó kọ́kọ́ ń tóbi, láàárín ọdún 9 sí 14. Ẹ̀yìn ni ohùn ń nípọn. Kókó orí kíndìnrín ní ọwọ́ nínú irun abíyá àti ti abẹ́, nítorí náà irun nìkan kò tó ẹ̀rí ìtají. Bí àmì àkọ́kọ́ bá yá ju ọdún wọ̀nyí lọ, tàbí tí ó pẹ́ jù wọ́n lọ, ọ̀dọ̀ dókítà ni ó yẹ kí a mú ọmọ lọ.

Ọ̀ràn yìí kì í ṣe àríyànjiyàn ọ̀rọ̀ lásán. Ní 2003 ni Ìpínlẹ̀ Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ẹ̀kọ́ ìgbé-ayé ìdílé àti kòkòrò HIV ní ilé-ẹ̀kọ́ sẹ́kọ́ńdìrì kékeré. Ọmọ tó wọ ibẹ̀ ti tó nǹkan bí ọdún 11. Ìtají ti lè ṣẹlẹ̀ sí i. Bí olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Bọ́ládé kò bá ní ọ̀rọ̀ fún ohun tó ṣáájú nǹkan oṣù, ọmọ ọdún 9 tí ọyàn ń dùn lè rò pé àìsàn ni.

Kí bàlágà wà ní ipò rẹ̀ fún dídé. Kí ìbàlágà jẹ́ orúkọ gbogbo ìrìn àjò. Kí ìtají jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nínú ọpọlọ. Kí àmì ìbàlágà sì jẹ́ ohun tí ojú rí. Olùkọ́ tó bá ní ọ̀rọ̀ mẹ́rin yìí lọ́wọ́ yóò lè sọ fún ọmọ ohun tó ń bọ̀ kí ó tó dé.